Oore Ẹ̀bá Ọ̀nà: Sàráà, Ìtọrẹ-Àánú àti Ipò Àjèjì nínú Ẹ̀sìn àwọn Yorùbá

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìwà ọmọlúàbí, pàápàá lórí ìkíni, ìbọ̀wọ̀fágbà, òtítọ́ sísọ àti ìtẹríba. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn ni oore kékeré tí ènìyàn ń ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì retí pé òun yóò tún fojú kàn mọ́. Oore tí a ṣe fún ọmọ ìyá ẹni, ará ilé ẹni tàbí ẹlẹgbẹ́ ẹni kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Oníkálùkù ni ó mọ̀ pé òun náà yóò nílò ẹnì kejì lọ́la. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú kí ẹnìkan bu omi tútù fún èrò ọ̀nà tí kò béèrè orúkọ rẹ̀? Bí a bá bi Yorùbá léèrè, ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà yọ ẹ̀sìn sílẹ̀. Yóò ní nítorí Ọlọ́run ni.

Èròǹgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ìrísí tí oore bẹ́ẹ̀ ní láàárín àwọn Yorùbá, bí ẹ̀sìn mẹ́ta tí ó gbilẹ̀ láàárín wọn ṣe ń gbé e ró, àti ohun tí ó ń bà á jẹ́ lójú wa báyìí. Ojú olùkọ́ ni a fi wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó tó: ìlànà ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n kọ́ ọmọ láti ṣaájò àlejò, bẹ́ẹ̀ ni òbí ọmọ kan náà ń kìlọ̀ fún un láràárọ̀ pé kò gbọdọ̀ dá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn. Òtítọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Àlejò, àjèjì àti èrò ọ̀nà

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Àlejò ni ẹni tí ó wá sí ilé ẹni, yálà a mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ tàbí a kò mọ̀ ọ́n. Ní kété tí ó bá ti wọlé, ó ti ní ẹni tí ó gbà á lálejò, ètò sì ti wà nílẹ̀ fún un: omi tútù, ìjókòó, oúnjẹ, ibi tí yóò sùn. Àjèjì ní tirẹ̀ ni ẹni tí a kò mọ ìdí rẹ̀, tí kò sì tíì wọ̀ sí ilé ẹnì kankan. Èrò ọ̀nà ni ẹni tí ń kọjá lọ, tí kò tilẹ̀ ní í yà. Àṣà ìgbàlejò tí ó kún inú àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, ti ẹni àkọ́kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjì yòókù ni ó le, nítorí pé kò sí baálé tí ó dúró fún wọn. Yorùbá mọ èyí, ni wọ́n fi ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí kò mọ ibi tí kànga ìlú wà, òùngbẹ lè gbẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Ní ayé ìgbà tí ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ìlú kan dé òmíràn, àwọn kan máa ń gbé àmù omi sí abẹ́ igi tàbí sí iwájú ilé tí ó kọjú sí ọ̀nà. Wọn a dé e, wọn a sì fi igbá kékeré lé e lórí. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ yóò bu mu, yóò dé e padà, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ètò yìí. Ìta ni omi náà wà. Ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ lè ti lọ sí oko. Ẹni tí ó mu ún kò kúnlẹ̀, kò tọrọ, kò sì ròyìn ìdílé tí ó ti wá. Kò sí ẹni tí ó wọ ilé ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò ti ẹnì kankan. Ní èrò tiwa, kò sí àpẹẹrẹ tí ó fi irú oore tí a ń sọ hàn tó èyí: ó kéré, ìta ni ó wà, kò sì lórúkọ. Kò tíì parun pátápátá. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn onílé kan tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ a fa ẹnu ẹ̀rọ kan sí ara ògiri ìta ọgbà wọn kí ẹni tí ó ń kọjá lè pọn níbẹ̀. Ó máa ń jẹ́ ní ìrántí òbí tí ó ti kú nígbà mìíràn. Àwọn Mùsùlùmí a sì máa ka irú rẹ̀ mọ́ sàráà tí èrè rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn ikú.

Sàráà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ àyálò ni sàráà. Èdè Lárúbáwá ni orísun rẹ̀, láti ara ṣadaqa. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé nípasẹ̀ èdè Songhai ni ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, bí ó ti rí pẹ̀lú àlùfáà, nítorí pé sadaka ni àwọn Hausa ń pe tiwọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí wa ni pé ó ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá débi pé kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni ó ń lò ó mọ́. Oníṣẹ̀ṣe ń ṣe sàráà, ọmọ ìjọ Aláàdúrà náà ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ya sàráà sọ́tọ̀ kúrò lára sàká. Dandan ni sàká, ó sì ní òdiwọ̀n: ìdá kan nínú ogójì lára owó tí ó bá pé iye kan, tí ó sì ti lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni. Sàráà kò ní òdiwọ̀n, kò ní àsìkò, kò sì sí ẹni tí ó kéré jù láti ṣe é. Síbẹ̀, nínú ètò sàká tí ó jẹ́ dandan pàápàá, a kò gbàgbé àjèjì. Súrà 9, ẹsẹ 60, nínú Àlùkùránì ka ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí ó tọ́ sí. Èrò ọ̀nà ni ó kẹ́yìn nínú wọn. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ṣàlàyé pé bí onírìn-àjò náà tilẹ̀ jẹ́ olówó ní ìlú rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti rí ìrànlọ́wọ́ gbà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti tó ohun tí ó ní. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́lọ́wọ́ ni a ń wò, kì í ṣe ipò rẹ̀ nílé.

Ìtọrẹ-àánú ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn Onígbàgbọ́, àwọn tí wọ́n ti ń ka Bíbélì Yorùbá odindi láti ọdún 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣòro: ta àti ọrẹ ni ó di tọrẹ, ìtọrẹ sì ni fífi ẹ̀bùn sílẹ̀ láìgba pààrọ̀. Àánú tí a so mọ́ ọn ń sọ ibi tí ẹ̀bùn náà ti wá, nínú ọkàn ẹni tí ó rí ìyà ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ kò sì gbà á.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó wù wá jù láti tú palẹ̀ ni "nítorí Ọlọ́run". Alágbe ń sọ pé, "Ẹ fún mi nítorí Ọlọ́run." Ẹni tí ó fún un náà, bí a bá bi í, á ní, "Nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe é." Gbólóhùn kan náà ni, iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì kò sì jọra. Lẹ́nu alágbe, ó ń sọ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́rùn ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, kò sí ìbátan, kò sí gbèsè. Lẹ́nu ẹni tí ó fúnni, ó ń sọ pé alágbe náà kò jẹ òun ní nǹkan kan. Ẹnì kẹta ni ó dúró láàárín wọn. Èyí ni ó jẹ́ kí oore ṣeé ṣe láàárín ẹni méjì tí nǹkan kan kò so pọ̀.

Nǹkan kékeré nínú ìwé mímọ́

Ẹsẹ méje péré ni Súrà 107, tí à ń pè ní al-Mā'ūn, ní. Ó bá àwọn tí wọ́n ń lé ọmọ òrukàn dànù wí, ó bá àwọn tí wọ́n ń kírun kí ènìyàn lè rí wọn wí, ó sì parí sórí àwọn tí wọ́n ń háwọ́ ní nǹkan kékeré. Àwọn olùtúmọ̀ àtijọ́ ṣàlàyé nǹkan kékeré yìí sí àwọn ohun èlò tí aládùúgbò máa ń yá ara wọn: àáké, ìkòkò, garawa tí a fi ń fa omi. Ó yẹ kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ dúró níbẹ̀. Ìwé mímọ́ gbé ẹni tí ó kọ̀ láti yáni ní garawa sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń lé ọmọ òrukàn. Nínú àwọn hádíìsì pẹ̀lú, mímú ohun tí ó lè ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ sàráà, bẹ́ẹ̀ náà ni rírẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹnìkejì ẹni. Ẹni tí yóò gba ọ̀nà náà kọjá lẹ́yìn tí a ti mú ẹ̀gún kúrò kò ní í mọ̀ láé pé a ṣe òun lóore.

Ìwé Mátíù 10:42 sọ̀rọ̀ ife omi tútù kan ṣoṣo, ó sì ní èrè rẹ̀ kò ní í sọnù. Ṣùgbọ́n ìtàn aláàánú ará Samáríà, nínú Lúùkù 10:30–37, ni gbogbo ènìyàn mọ̀, bóyá a tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jù tí a kò fi kà á dáadáa mọ́. Ọkùnrin kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá. Ẹni tí ó dúró jẹ́ ará Samáríà, láti inú ẹ̀yà tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀. Kò béèrè orúkọ. Ó fi òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́, ó dì í, ó gbé ọkùnrin náà sórí ẹranko rẹ̀ lọ sí ilé-èrò, ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó yọ owó méjì fún olùtọ́jú ilé náà, ó sì ní bí ó bá ná jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san án nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Ó bá ìrìn-àjò tirẹ̀ lọ. A ó tún padà sórí kókó yìí níwájú.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ tí wọ́n jókòó nínú kíláàsì kan náà kì í sábà mọ̀: àpèjúwe kan ṣoṣo ni ẹ̀sìn méjèèjì lò láti kọ́ni ní ìfipamọ́ oore. Nínú Mátíù 6:3, Jésù ní kí ọwọ́ òsì má ṣe mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn méje tí Ọlọ́run yóò fi ibòji rẹ̀ bò ní ọjọ́ àjíǹde ni ẹni tí ó ṣe sàráà ní ìkọ̀kọ̀ débi pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe.

Ẹni òrìṣà àti oúnjẹ ìbejì

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òfin, inú èèwọ̀ àti àṣà ni ó fi í sí. Abuké, arọ àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n. Yorùbá gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ òrìṣà ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a kò rí rí ni a rí yìí, síbẹ̀ a ti mọ ẹni tí ó ni ín.

Ti ìbejì tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ìbejì a máa se ẹ̀wà, á fi epo pupa sí i, á sì pè àwọn ọmọdé àdúgbò jọ láti wá jẹ, láìwo ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí ifá bá sì ti wí, ìyá náà á gbé àwọn ìbejì rẹ̀ jáde, á máa jó kiri ọjà, àwọn ènìyàn á sì máa fún wọn lówó. Kì í ṣe àìní ni ó ń gbé e jáde. Ìyàwó ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú a máa jáde. Ohun tí ó yẹ kí a rí nínú àṣà yìí ni pé ẹnì kan náà ni ó ń fún ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ lónìí, tí ó sì ń na ọwọ́ gba owó lọ́wọ́ àjèjì lọ́la. Níbi tí obìnrin olówó ti lè na ọwọ́ nítorí ẹ̀sìn, ó ṣòro kí a ka ọwọ́ nínà sí ẹ̀gàn lásán.

Oúnjẹ yìí rékọjá òkun pẹ̀lú àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Níbẹ̀, a so ìbejì pọ̀ mọ́ Kọ́símù àti Dàmíánì, àwọn ẹni mímọ́ ìbejì nínú ìjọ Kátólíìkì, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe àjọ̀dún wọn. Ilá tí a fi epo pupa sè, tí wọ́n ń pè ní caruru, ni olórí oúnjẹ, àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé a sì máa wà níbẹ̀. Àṣà wọn ni pé ọmọdé méje ni yóò kọ́kọ́ jẹ, ọwọ́ ni wọn yóò sì fi jẹ ẹ́, kí àgbàlagbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ní Rio de Janeiro, àdídùn ni wọ́n ń pín ní tiwọn: àwọn ọmọdé a máa ti òpópónà kan bọ́ sí èkejì láti gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Nígbà tí sàráà di pàṣípààrọ̀

A kò ní í ṣe òótọ́ bí a bá dúró síbí. Bí a bá tẹ́tí sí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́, "wọ́n ní kí n ṣe sàráà" wọ́pọ̀ ju "mo fẹ́ ṣe sàráà" lọ. Ẹnìkan lá àlá burúkú, tàbí ọjà rẹ̀ kò tà, ó tọ aáfà, babaláwo tàbí wòlíì lọ. A sọ ohun tí yóò fi ṣe é fún un: wàrà, mọ́sà, ẹ̀wà tàbí èso. A sọ ọjọ́. A sì sọ ẹni tí yóò gbà á àti iye wọn, bóyá alágbe mẹ́ta tàbí ọmọdé méje. A kò sọ pé ó burú tán. Oúnjẹ náà dé ikùn ẹni tí ebi ń pa, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n a ti ka alágbe náà mọ́ ohun èlò bí a ti ń ka obì àti ataare. Bí alágbe mẹ́rin bá jókòó níbẹ̀, tí mẹ́ta ni a sì kà, kí ni a ó ṣe sí ẹnì kẹrin?

Ẹni tí a ń lò bẹ́ẹ̀ náà mọ̀ pé a ń lo òun. Ibẹ̀ ni ìfura ti wọlé. Àwọn òbí ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ jẹ sàráà ìta, kí wọ́n má baà fi oúnjẹ gba kádàrá rẹ̀. Ìtàn ẹni tí ó he owó nílẹ̀ tí ó sì di iṣu kò tíì kúrò lẹ́nu ará ìlú. Olùkọ́ kò ní láti gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́ kí ó tó mọ ohun tí ó ń sọ: àwọn ènìyàn kò gbà mọ́ pé ẹnìkan lè fúnni ní nǹkan láìjẹ́ pé ó ní ohun tí ó ń wá.

Èkejì rẹ̀ ni àṣehàn. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, a rí àwòrán àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé kóńgò ìrẹsì mélòó kan dání, tí ẹni mẹ́wàá sì rọ̀gbà yí wọn ká níwájú kámẹ́rà. Súrà 2, ẹsẹ 264, kìlọ̀ fún onígbàgbọ́ pé kí ó má ṣe fi ìrégún àti ìpalára ba sàráà rẹ̀ jẹ́. Kò sí ìrégún tí ó pẹ́ tó àwòrán. Ẹni tí ó mu omi inú àmù ẹ̀bá ọ̀nà kò bẹ̀rù pé ọmọ rẹ̀ yóò bá ojú òun pàdé lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ìbẹ̀rù, àti ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ìbẹ̀rù kì í ṣe àsọdùn. Ajínigbé wà, àwọn awakọ̀ tí ń fi èrò ọkọ̀ ṣe ìjẹ wà, ẹni tí ó sì gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé-ìwòsàn ti lè di ẹni tí a ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Lórí èyí tí ó kẹ́yìn yìí, òfin ti sọ̀rọ̀ lápá kan. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà ní kí ilé-ìwòsàn gbà á tọ́jú, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, ó sì ní a kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú ti ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ mọ òfin yìí. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti ọmọdé, ìbéèrè tí yóò béèrè ni pé, "Bí ó bá jẹ́ olè ńkọ́?" Kí olùkọ́ má ṣe gbójú fò ó. Kí ó mú un padà sí ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ará Samáríà náà kò mú ọkùnrin yẹn lọ sí ilé ara rẹ̀, ilé-èrò ni ó gbé e lọ, níbi tí àwọn ènìyàn wà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 18, abẹ́ igi ni Ábúráhámù ti fún àwọn àlejò mẹ́ta lóúnjẹ, Sárà sì wà nínú àgọ́. Àmù omi kò wọ inú ilé. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé olè wà, ayé ogun àti ayé kíkó ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé. Wọn kò torí rẹ̀ pa oore tì. Wọ́n gbé e síta ni. Nítorí náà, a lè sọ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ dá tẹ̀lé ẹni tí kò mọ̀, kí a sì sọ fún un bákan náà pé bí ó bá rí ẹni tí ó ṣubú, kí ó sáré pe àgbà. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn.

Nínú kíláàsì, a dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n lè gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọn fún èrò ọ̀nà ní oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn bá mú. Àwọn kan yóò ní omi inú ọ̀rá. Àwọn kan yóò ní àga fún arúgbó. Bí wọ́n bá dárúkọ àmù, kí ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ àrùn onígbá-méjì pẹ̀lú, nítorí pé ife kan ṣoṣo fún ẹnu púpọ̀ léwu. Kí wọ́n wá fi Yorùbá kọ ètò náà sílẹ̀ fúnra wọn: ẹni tí yóò máa pọn omi, ẹni tí yóò máa dé e, àti ẹni tí yóò máa fọ ife ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.